"Ó Jọ Ọ́" Kọ́ Ni "Òun Ni": Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ẹ̀rí Forensic Tó Ń Kó Aláìṣẹ̀ Sẹ́wọ̀n

Ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn máa ń bi mí ṣáá tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ògbufọ̀ kóòtù ni mí níbí ní Houston, mo wá kó wọn jọ síbì kan kí n lè sinmi ẹnu.

Kí ló ń jẹ́ forensic gan-an?

Gbogbo ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n bá gbé wọ kóòtù ni: àmì ìka, ẹ̀jẹ̀, irun, ọta ìbọn, eyín, eérú ilé tó jóná, DNA. Ẹnì kan á yẹ nǹkan wò ní láàbù, á wá síwájú adájọ́, á ní ohun tóun rí rèé. Àwa yòókù tá a bá jẹ́rìí, ohun tójú wa rí tétí wa gbọ́ nìkan la lè sọ, àmọ́ òfin gba irú ẹni yìí láyè kó sọ èrò tiẹ̀, torí wọ́n ní ó mọṣẹ́. Ibẹ̀ yẹn ni wàhálà ti ń wọlé.

Ṣebí sáyẹ́ǹsì ni, báwo ló ṣe máa wá ṣì?

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń pè ní sáyẹ́ǹsì ní kóòtù ni sáyẹ́ǹsì o. DNA, yunifásítì ló ti wá, àwọn onímọ̀ ti jà á sọ́tùn-ún sósì kó tó dé ọwọ́ ọlọ́pàá. Àmọ́ eyín, irun, ọta ìbọn, bí iná ṣe jó, ẹnu iṣẹ́ ọlọ́pàá àti pánápaná ni púpọ̀ nínú wọn ti hù, ẹnì kan á kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá yẹn náà kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá tiẹ̀, kò wá sẹ́ni tó jókòó dán an wò pé tá a bá ṣe é nígbà 100, ẹ̀ẹ̀melòó la máa ṣì í.

Ní 2009, National Academy of Sciences, ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé gbọọrọ kan lórí ẹ̀, wọ́n ní yàtọ̀ sí DNA, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀nà yìí tí wọ́n ti fi ẹ̀rí tó múná dóko hàn pé ó lè so nǹkan tí wọ́n rí mọ́ ẹnì kan pàtó. 2009 o! Gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi ń rán èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ńkọ́? Èmi máa ń rántí ọbọ̀ táwọn èèyàn ayé ọjọ́un ń fún ẹni tí wọ́n bá fura sí jẹ, tó bá bì í, kò jẹ̀bi, tó bá kú, ó jẹ̀bi, ta ló wá fẹ́ bi ọbọ̀ pé báwo ló ṣe mọ̀.

Tí ẹ bá máa mú ẹjọ́ kan ṣoṣo, èwo ni?

Ti Cameron Todd Willingham, ní Corsicana, ní Texas níbí náà ni. Àárọ̀ 23 December 1991 nilé ẹ̀ jóná, ọmọbìnrin ẹ̀ mẹ́ta kú sínú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 2, àwọn ìbejì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún 1. Òun sáré jáde, kò kú. Àwọn tó ń yẹ iná wò dé, wọ́n ka nǹkan bí 20 àmì tí wọ́n ní ó fi hàn pé ẹnì kan ló dáná sun ilé yẹn. Ilẹ̀ yàrá jó ní àbàwọ́n àbàwọ́n bí ibi tí omi dà sí, wọ́n ní epo ló dà síbẹ̀. Gíláàsì fèrèsé sán wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn, wọ́n ní epo ló mú iná gbóná tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì rí epo tí wọ́n fi ń koná mọ́ èédú lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sọ fún un pé tó bá gbà pé òun jẹ̀bi, wọn ò ní pa á, ẹ̀wọ̀n gbére ni, ó kọ̀ jálẹ̀, ó lóun ò ṣe é. Nǹkan bíi wákàtí kan ni júrì, àwọn ará ìlú tí kóòtù yàn láti dá ẹjọ́, fi jókòó kí wọ́n tó dá a lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan. Àbàwọ́n ilẹ̀ yẹn: tí iná bá jó nínú yàrá tó há, ooru á kọ́kọ́ kó jọ sókè àjà, á máa sọ̀ kalẹ̀, tó bá dé ibì kan, gbogbo ohun tó wà nínú yàrá á gbaná lẹ́ẹ̀kan náà, kápẹ́ẹ̀tì àti ilẹ̀ náà á jó, àbàwọ́n tó máa ṣẹ́ kù síbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti epo lójú rárá. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ní Jacksonville ní Florida, wọ́n fẹ́ fi irú àmì yìí ká ọkùnrin kan mọ́, làwọn onímọ̀ bá lọ wá ilé tó jọ tiẹ̀ ládùúgbò yẹn, wọ́n tún un ṣe bí tiẹ̀, wọ́n fi iná sí àga inú ẹ̀ láìlo epo. Wọ́n rò pé á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí yàrá tó gbaná tán. Kò tó ìṣẹ́jú 5. Wọ́n fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀. Gíláàsì ńkọ́? Lẹ́yìn tí iná ńlá jó òkè Oakland ní California ní 1991, wọ́n lọ yẹ àwọn ilé tó jóná wò, wọ́n rí gíláàsì tó sán bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti da epo kankan, omi táwọn pánápaná fọ́n sí i ló sán an. Ẹni tó bá ti da omi tútù sínú ife gbígbóná rí kò nílò kí onímọ̀ kankan ṣàlàyé èyí fún un. Epo ẹnu ọ̀nà sì rèé, ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n fi ń sun ẹran wà.

Gerald Hurst, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Austin, kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba kí ọjọ́ tí wọ́n dá láti pa á tó pé. Wọ́n pa Willingham ní 17 February 2004. Nínú ọdún yẹn kan náà, ní October, Texas yìí náà tú Ernest Willis sílẹ̀, ẹjọ́ ilé jíjó, irú àmì kan náà, Hurst kan náà ló bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2009, onímọ̀ tí ìgbìmọ̀ forensic Texas fúnra ẹ̀ gbà síṣẹ́ sọ pé kò sí sáyẹ́ǹsì kankan lẹ́yìn ohun tí wọ́n fi pa Willingham. Ó ti pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ti sin ín nígbà yẹn.

Eyín ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n máa ń fi ojú ibi tí wọ́n géèyàn jẹ mọ ẹni tó gé e?

Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ray Krone, tó ń pín lẹ́tà kiri ní Phoenix, wọ́n dájọ́ ikú fún un ní 1992 torí pé dókítà eyín kan ní ojú eyín tó wà lára obìnrin tí wọ́n pa bá eyín Krone mu, eyín ẹ̀ sì wọ́ lóòótọ́, jàǹbá ọkọ̀ ló bà á jẹ́. Ní 2002 ni wọ́n yẹ itọ́ tó wà lára aṣọ obìnrin yẹn wò, DNA ọkùnrin mìíràn ló wà níbẹ̀, tó ti wà lẹ́wọ̀n tẹ́lẹ̀ pàápàá lórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọdún mẹ́wàá gbáko.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Mississippi, Noxubee County. Ọmọdébìnrin ọdún 3 kan, wọ́n pa á ní 1990, dókítà eyín kan ní eyín Levon Brooks ló wà lára ẹ̀. Ní 1992 wọ́n tún pa ọmọ ọdún 3 mìíràn ládùúgbò yẹn, dókítà kan náà ní òun rí ojú eyín 19 lára ẹ̀, ti Kennedy Brewer ni, eyín òkè nìkan ló sì fi gé e. Eyín òkè nìkan! Ẹ fi apá yín sẹ́nu kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Odò ni wọ́n ti rí òkú ọmọ yẹn, àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà ní kòkòrò àti ẹran omi ló jẹ ẹ́ lára. Ẹnì kan náà ló pa ọmọ méjèèjì, ó jẹ́wọ́, wọ́n sì dá Brooks àti Brewer láre ní 2008. Tí wọn ò bá mú ẹni tí kì í ṣe òun lórí ọmọ àkọ́kọ́, bóyá èkejì ì bá wà láyé.

Irun? Mo ti rí i nínú fíìmù.

Nínú fíìmù ló dáa sí. Wọ́n á gbé irun méjì sábẹ́ maikirosíkóòpù, wọ́n á ní ó jọra. Ní 2015, FBI fẹnu ara wọn gbà pé nínú ẹjọ́ 268 tí wọ́n yẹ̀ wò tí òṣìṣẹ́ wọn ti fi irun jẹ́rìí ta ko èèyàn, 257 ni òṣìṣẹ́ ọ̀hún ti sọ kọjá ohun tí sáyẹ́ǹsì gbè. Wọ́n ti dájọ́ ikú fún 33 nínú àwọn wọ̀nyẹn, wọ́n sì ti pa 9.

Santae Tribble ò ju ọmọ ọdún 17 lọ nígbà tí wọ́n pa awakọ̀ takisí kan ní Washington ní 1978. Irun 13 wà nínú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹni tó pa á fi bojú, FBI ní ọ̀kan nínú ẹ̀ bá ti Tribble mu délẹ̀délẹ̀. Ní 2012, wọ́n ṣe DNA, kò sí ẹyọ kan tó jẹ́ tiẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀, irun ajá ni.

Àmì ìka ńkọ́? Ṣebí kò sí ìka ẹni méjì tó jọra?

Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè. Ìka tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá mọ́ rekete, èyí tí wọ́n rí lára kọ́pù tàbí ọ̀rá níbi ìṣẹ̀lẹ̀ jẹ́ ààbọ̀, ó ti fà, ó ti yí, ojú èèyàn ló sì ń fi méjèèjì wéra. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé ṣé ojú yẹn lè ṣì?

Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bú nínú àwọn ọkọ̀ ojú irin ní Madrid ní 11 March 2004, kọ̀ǹpútà FBI to orúkọ èèyàn 20 tí ìka wọn sún mọ́ èyí tí wọ́n rí lára ọ̀rá kan, Brandon Mayfield, lọ́yà kan ní Oregon, ni ìkẹrin. Ó ti gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Èèyàn mẹ́ta ní FBI ní òun ni, onímọ̀ tí kóòtù yàn fún Mayfield fúnra ẹ̀ tún ní òun ni. Ọlọ́pàá Sípéènì ti ń sọ látìgbà yẹn pé kì í ṣe òun, FBI ò gbọ́, wọ́n tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì, àfìgbà táwọn ará Sípéènì fi mú ọmọ Algeria tó ni ìka yẹn jáde. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì san mílíọ̀nù 2 dọ́là fún un ní 2006.

Ọgbọ́n kan wà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Itiel Dror dá lẹ́yìn ẹ̀. Ó lọ bá àwọn ògbóǹtarìgì ìka márùn-ún, ó fún oníkálukú wọn ní ìka tí òun fúnra ẹ̀ ti sọ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn pé ó bára mu, láìjẹ́ kó mọ̀, ó wá ní ìka tí FBI ṣì mú Mayfield sí nìyí. Mẹ́ta yí ohùn padà pé kò bára mu, ẹnì kan ní òun ò lè sọ, ẹnì kan péré ló dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ìka ò yí padà o, ìtàn tí wọ́n gbọ́ ló yí padà.

DNA ò lè ṣì ní tiẹ̀, àbí?

DNA fúnra ẹ̀ dáa, òun ló tú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo dárúkọ sílẹ̀. Ọwọ́ èèyàn tó ń ṣe é ló lè ṣì. Ní Houston wa níbí, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí wọ́n mú un, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 25 ní 1999 lórí DNA tí láàbù ọlọ́pàá ṣe, nígbà tí wọ́n tún un ṣe níbòmíì ní 2003, kì í ṣe òun rárá. Òrùlé láàbù yẹn ń jò, omi òjò ń kán sórí ẹ̀rí. Wọ́n ti ẹ̀ka DNA ẹ̀ pa ní ìparí 2002, nígbà tó yá wọ́n gba iṣẹ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá pátápátá.

Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọlọ́pàá fi ń wá obìnrin kan tí wọ́n ń rí DNA ẹ̀ níbi ìwà ọ̀daràn tó tó 40, ìpànìyàn, olè, gbogbo ẹ̀. Ní 2009 ni wọ́n wá mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń di òwú tí wọ́n fi ń nu nǹkan níbi ìṣẹ̀lẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n mú ọkùnrin kan ní California ní 2012 torí DNA ẹ̀ wà ní èékánná ẹni tí wọ́n pa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọtí ti gbé e dé ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì tó gbé e náà ni wọ́n lọ tọ́jú ẹni tó kú. Nǹkan bí oṣù 5 ló lò látìmọ́lé kí lọ́yà ẹ̀ tó rí ìwé ọsibítù.

Ṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń parọ́ ni?

Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀. Annie Dookhan ní Boston, òun ló ń yẹ oògùn olóró wò fún ìjọba, lọ́pọ̀ ìgbà á kàn fojú wo ìyẹ̀fun, á kọ ọ́ pé kokéènì ni, láìyẹ̀ ẹ́ wò. Òun ló ń yá jù ní láàbù, inú àwọn ọ̀gá ń dùn. Ní 2017, wọ́n fagi lé ẹjọ́ tó lé ní 21,000 nítorí ẹ̀.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí, irú ẹni yẹn kọ́ ló pọ̀ jù. Àwọn tó pọ̀ jù gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́ tọkàntọkàn, wọ́n á lọ sùn lálẹ́, oorun á kùn wọ́n. Mi ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Ṣé Amẹ́ríkà nìkan ni?

Rárá o. Ẹ̀yin ará London, ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀ nípa Birmingham Six. Bọ́ǹbù pa èèyàn 21 ní 1974, ọlọ́pàá mú àwọn ọkùnrin kan tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ireland, wọ́n nu ọwọ́ wọn, onímọ̀ ìjọba ní ó dá òun lójú ní 99 nínú 100 pé ọwọ́ àwọn kan nínú wọn ti kan ẹ̀tù bọ́ǹbù. Ohun tó wà lára káàdì táwọn èèyàn fi ń ta tẹ́tẹ́ lè fa irú àbájáde kan náà, wọ́n sì ti ń ta káàdì nínú ọkọ̀ ojú irin láti Birmingham. Ọdún 16 ni wọ́n lò kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ ní 1991.

Sally Clark, ní England náà, lọ́yà ni, ọmọ ìkókó ẹ̀ méjì kú tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n ní òun ló pa wọ́n. Dókítà àgbà kan wá sí kóòtù ní 1999, ó ní kí irú ẹ̀ ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé kan, 1 nínú mílíọ̀nù 73 ni. Ó kàn mú 8,543, ó fi sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, bí ẹni pé ikú ọmọ àkọ́kọ́ ò kan èkejì, bẹ́ẹ̀ ìyá kan náà, bàbá kan náà, ilé kan náà. Ìyá àbíkú wo ló máa gba ìṣirò yẹn? Wọ́n tú u sílẹ̀ ní 2003. Ó kú ní 2007.

Lọ́yà wọn ń ṣe kí ni?

Owó ni. Anthony Ray Hinton, ní Alabama, 1985, wọ́n ní ọta ìbọn wá láti inú ìbọn ìyá ẹ̀. Lọ́yà tí ìjọba fún un rò pé 1,000 dọ́là péré ni òfin gbà kóun ná fún onímọ̀, kò yẹ ìwé òfin wò dáadáa, wọ́n ti yí i padà. Ẹni tó rí gbà lówó yẹn, ojú kan ni ojú ẹ̀ tó ríran, kò sì mọ maikirosíkóòpù lò dáadáa, agbẹjọ́rò ìjọba fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú júrì. Nǹkan bí ọdún 30 ni Hinton lò kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní April 2015, torí àwọn onímọ̀ gidi ní àwọn ò lè so ọta wọ̀nyẹn mọ́ ìbọn yẹn.

Tí wọ́n bá ti rí i pé ọ̀nà yẹn ò dáa, ṣé wọ́n máa ń tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀?

Ó máa ń ṣe àwọn èèyàn bí i pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Kóòtù kì í fẹ́ tú ẹjọ́ tó ti parí wò. Texas ló kọ́kọ́ ṣòfin fún un, ní 2013, pé tí sáyẹ́ǹsì bá ti yí padà, ẹlẹ́wọ̀n lè padà wá sí kóòtù. Òfin yẹn ran Steven Chaney lọ́wọ́, dókítà eyín ti sọ ní 1987 pé 1 nínú mílíọ̀nù ni ẹlòmíì fi lè ní irú eyín ẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí 9 sì ti sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ló wà. Ó jáde ní 2015.

Àmọ́ àwọn tó ń gbìyànjú òfin yẹn tí wọn ò rí i gbà pọ̀. Robert Roberson, tí wọ́n ní ó mi ọmọ ẹ̀ pa, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pa á gan-an, 17 October 2024, làwọn aṣòfin fi ìwé pè é wá jẹ́rìí, òun ló fi bọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ṣé wọ́n máa ń sanwó fún wọn?

Ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ni. Texas ń san 80,000 dọ́là fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí kò ní òfin kankan lórí ẹ̀.

Nàìjíríà ńkọ́?

Tiwa yàtọ̀. Òfin Evidence Act 2011 gba onímọ̀ láyè láti jẹ́rìí, abala 68, Èkó sì ṣí ilé DNA àti forensic ní 2017, àwọn jàǹdùkú bà á jẹ́ ní October 2020 lásìkò EndSARS. Àmọ́ kì í ṣe maikirosíkóòpù ló ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà jù, sítéètímẹ́ǹtì ni, ìwé tí ọlọ́pàá ní ẹni yẹn fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ACJA 2015, òfin tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, fi ń sọ̀rọ̀ fídíò àti kí lọ́yà wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń gbà á. Bó ṣe ń rí ní àgọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Kí ni "match" túmọ̀ sí tí onímọ̀ bá sọ ọ́ ní kóòtù?

Ìbéèrè tó le jù fún èmi ògbufọ̀ nìyí. Wọ́n á ní "match", wọ́n á ní "consistent with", bí ẹni pé ọ̀kan náà ni. Tí mo bá ní "ó bá a mu", ohun tí ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá á gbọ́ ni pé òun gan-an ni. Bẹ́ẹ̀ ohun tí onímọ̀ yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ni pé "ó jọ ọ́, mi ò rí ohun tó yàtọ̀", irun ẹgbẹ̀rún èèyàn sì lè jọ ọ́.

Màmá kan wà, ọmọ ẹ̀ ló ń jẹ́jọ́, mo jókòó tì í, mo ń rọra sọ ọ́ sí i létí bí ẹlẹ́rìí ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Dúró ná, ọmọ mi. Ṣé ó ní òun ni, àbí ó ní ó jọ ọ́?" Mo wojú lọ́yà wọn, ó ń to ìwé ẹ̀ jọ. Kò sẹ́ni tó bi ẹlẹ́rìí yẹn títí tó fi sọ̀ kalẹ̀.